Ta Ló Tún Òrùlé Yẹn Ṣe?

Kì í ṣe pé Ìyá Olùkọ́ kò mọ̀ pé inú òun máa ń tètè ru. Ó mọ̀. Ó ti gba ààwẹ̀ rí nítorí rẹ̀, ìbínú náà ló sì fi ṣínu, nítorí pé ẹnìkan ti jẹ oúnjẹ tó fi pamọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ilé ìtàwé ìjọ wọn, ẹni tí inú kò bá bí níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n bá a wá dókítà ni.

Ilé ìtàwé náà kò ju yàrá kan ṣoṣo lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà kan ló ń bójú tó o, ọkùnrin gíga kan tó máa ń de táì láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Alàgbà Ìwé. Àwọn Bíbélì tó wà níbẹ̀ gun orí ara wọn dé àjà. Aláwọ dúdú ni wọ́n, etí wọn jẹ́ wúrà, lẹ́tà inú wọn wẹ́ bí eèrà, èdè wọn sì jẹ́ èdè àtijọ́ tí àwọn tí wọ́n bí sínú ìjọ pàápàá máa ń fò kọjá, tí wọ́n á sì ṣe àmín sí i.

Ìyá Olùkọ́ ló ń kọ́ kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá mọ Jésù. Lọ́dọọdún ló ń rí wọn, awakọ̀, aránṣọ, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìfowópamọ́. Wọ́n á wọlé tayọ̀tayọ̀, wọ́n á ra Bíbélì lọ́dọ̀ Alàgbà Ìwé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ bí ẹni ń ka ìwé ilé ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá dé ibi tí lágbájá ti bí tàmẹ̀dò, tí tàmẹ̀dò bí làkáṣègbè, wọ́n á ti ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó tán nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún ń rí wọn. Ìyá Olùkọ́ ti bẹ Alàgbà Ìwé títí kó kó ìtumọ̀ tuntun wọlé, èyí tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, àti ìwé pẹlẹbẹ kan tó máa la ọ̀rọ̀ yé aláìmọ̀kan. Alàgbà ní ìwé ọmọdé nìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í ṣe àlọ́, pé ẹni tí ebi rẹ̀ bá ń pa lóòótọ́, kò ní í sọ pé oúnjẹ le.

Nígbà tó bá dé ilé, ọkọ rẹ̀ ni yóò da gbogbo rẹ̀ sí létí. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, ọ̀gá láàárín àwọn tó ń mọ ilé, kì í sì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá pè é, á ní ó di ọ̀la. Tí ọ̀la bá dé, á ní ọ̀la ṣì ń bẹ níwájú. Ó ní lébìrà méjì tó jẹ́ ọmọ ìjọ ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì yìí ló sì sọ di ohun eré níbi iṣẹ́. Ó ń pè wọ́n ní ajogún ọ̀run tí kò lè po sìmẹ́ńtì. Ìyá Olùkọ́ ti gbàdúrà lórí ọkùnrin yìí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, títí ó fi funfun. Ó ti sú àdúrà fúnra rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ yìí ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi òkúta ha sìmẹ́ńtì kúrò ní gìgísẹ̀. Kò gbójú sókè tó fi sọ̀rọ̀.

"Ìyá wọn, ó wù mí kí n ka Bíbélì. Kì í ṣe tìrẹ yẹn o, ìyẹn á fọ́ mi lójú. Bá mi wá èyí tí mo lè kà."

Ìyá Olùkọ́ rò pé etí òun ló ń tan òun. Ọkọ rẹ̀ wá ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Kàfíńtà àgbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Inú àpótí irinṣẹ́ ọkùnrin náà, láàárín ayùn àti òòlù, ni Bíbélì rẹ̀ máa ń wà. Ọjọ́ gbogbo ni bíríkìlà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọkùnrin náà kò fèsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á kàn rẹ́rìn-ín, á jókòó sábẹ́ ìbòòji, á máa kà. Ní báyìí tó ti lọ, bíríkìlà fẹ́ mọ ohun tó ń rí níbẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni òun náà kà nílé ẹ̀kọ́, ó lè kàwé tí ìwé náà bá fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kọjá àárín àwa méjèèjì," ó ní. "Gbogbo ẹnu tí mo ti fi ṣe àwọn èèyàn yẹn ní yẹ̀yẹ́, òun náà ni wọ́n máa fi ṣe mí. Jẹ́ kí n kà á ná. Tí mo bá rí nǹkan níbẹ̀, èmi fúnra mi á sọ."

Ìyá Olùkọ́ ṣèlérí. Ó ní ta ni òun fẹ́ sọ fún? Ọkàn rẹ̀ sì ni ó fi sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún lọ bá Alàgbà Ìwé. Kò sọ ẹni tó fẹ́ rà á fún. Ó kàn ní òun fẹ́ Bíbélì tó rọrùn, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, fún àgbàlagbà kan. Alàgbà tún táì ṣe, ó sì ní kí àgbàlagbà náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ná, tó bá wá mọ̀wé tán, kó padà wá ra Bíbélì gidi. Ojú Ìyá Olùkọ́ ṣókùnkùn. Ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí kò ṣeé sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ọlọ́run, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìgboro, sí ilé ìtàwé kan tó wà nítòsí ibùdókọ̀.

Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò kọ́kọ́ fi ìwé kankan hàn án. Ìbéèrè ló ń bi í. Ta ló fẹ́ kà á? Ṣé ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa? Ṣé ó fẹ́ràn ìtàn àbí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n? Ṣé ó máa ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan? Ìyá Olùkọ́ ní bíríkìlà ni, pé tí wọ́n bá fún un ní omi mu, á kọ́kọ́ béèrè kànga tí wọ́n ti fà á. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó mú ìtumọ̀ kan tó fúyẹ́ wá, ó ṣí i, ó ní kí Ìyá Olùkọ́ ka gbólóhùn mélòó kan sókè, kó gbọ́ bóyá ó jọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wọn. Ó jọ ọ́. Ó tún mú ìwé pẹlẹbẹ kan tì í, èyí tó ń sọ bí ilé, oko àti ìrìn àjò ṣe rí láyé Jésù, tí kò ní ìbéèrè kankan tí ènìyàn máa dáhùn lẹ́yìn. Ó ní kí bàbá má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Kó mú èyí tó kúrú jù nínú ìtàn Jésù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó kà á bí ìtàn, ibi tí kò bá yé e, kó fi igi ṣáná há a, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Olùkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ohun tó ti ń bẹ àwọn alàgbà fún láti ọdún gbọọrọ nìyí, ọmọ tí òun tó bí ló kó o jọ fún un lórí ìdúró.

Ìgbà tí ayọ̀ wọ ilé wọn nìyẹn. Bí bíríkìlà bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó wẹ̀ tán, á gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á fi awò sójú, á máa kà, ìka rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bọ̀ lábẹ́. Ìyàwó rẹ̀ á máa gé àlùbọ́sà, kò ní í sọ̀rọ̀, ìyẹn sì le fún un ju ààwẹ̀ lọ. Ọkọ ń bá ìwé náà jà bí ẹni ń bá oníbàárà jà. Á ní ọ̀rọ̀ yìí dára. Á ní èyí kò dára, pé kí ló dé tí Jésù fi gégùn-ún fún igi tí kì í ṣe àsìkò èso rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó ka ibi tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin ti gbé arọ gun orí ilé nítorí èrò, tí wọ́n dá òrùlé lu, tí wọ́n sọ arọ náà kalẹ̀ síwájú Jésù. Ó ka ibẹ̀ lọ, ó kà á bọ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Arọ ti dìde, ó ti gbé ẹní rẹ̀ lọ sílé. Ó dáa. Ta ló tún òrùlé yẹn ṣe?"

Ìyá Olùkọ́ ní òun kò mọ̀, wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló ni ilé. Ẹni náà kò ránṣẹ́ pe arọ kankan, ó kàn gba àlejò ni, òjò sì ń bọ̀. Ó sáré wo ìwé pẹlẹbẹ, ó rí i níbẹ̀ pé igi, ẹ̀ka àti amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òrùlé wọn, ó mí kanlẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ amọ̀ ni, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni, àwọn mẹ́rin yẹn lè padà wá ṣe é. Ìyá Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti ń kọ́ ènìyàn nípa arọ yẹn tipẹ́tipẹ́, kò ronú kan onílé rí.

Ká ní ó mọ ibi tó yẹ kó fi ẹ̀rín náà mọ ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, kí ẹ̀rí jíjẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Alàgbà Ìwé dìde, ó mú gbohùngbohùn, ó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ kíláàsì àwọn ọmọ ẹ̀yìn tuntun gbọ́dọ̀ ra Bíbélì tó wà ní ilé ìtàwé ìjọ. Ó ní a ti rí àwọn kan tó ń ti ìgboro gbé ìtumọ̀ yẹpẹrẹ wọlé, ìwé tí wọ́n fi ń tan ọmọdé sùn, irú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ kíláàsì mọ́. Ojú Ìyá Olùkọ́ ló ń wò tó fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

Inú ru Ìyá Olùkọ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ó rí gbogbo wọn lójú ara rẹ̀, awakọ̀, aránṣọ, agbálẹ̀, gbogbo àwọn tí ọkùnrin yìí ti fi lẹ́tà eèrà lé lọ. Pásítọ̀ ní ta ló ní ẹ̀rí. Kí ó tó mọ̀, ó ti dìde.

Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ dáadáa jù. Ó ní ọkọ òun tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí alágídí, ẹni tó ń fi onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹnu ara rẹ̀ tọrọ Bíbélì. Ìjọ pariwo. Ó ní òun wá Bíbélì tó lè kà dé ilé ìtàwé yìí, wọ́n ní kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ná. Ìjọ kùn. Ó ní ìwé tí wọ́n ń pè ní ti ọmọdé yìí, òun ni ọkọ òun ń kà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìka rẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti wà lọ́wọ́ òun, ó sọ ọ̀rọ̀ òrùlé fún wọn. Ó fara ṣe bí ọkọ rẹ̀ ṣe yọ awò ojú. Ó fi ohùn rẹ̀ béèrè. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, obìnrin kan sáré jó dé iwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ nu ojú rẹ̀, ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ilé ìtàwé máa kó ìtumọ̀ náà wọlé. Alàgbà Ìwé gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà tó jókòó, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ló wá rántí ìlérí tó ṣe fún ọkọ rẹ̀. Ìbínú ti gbé e gun orí igi, kò sì fi àkàbà sílẹ̀ fún un. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dé ilé, kò lè sọ ọ́. Ó ní bóyá kò ní í dé etí rẹ̀.

Lébìrà méjì ńkọ́? Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi kí i. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ta ló máa tún òrùlé ṣe?" Bíríkìlà rò pé ilé tí wọ́n ń kọ́ ló ń béèrè, ó ní kò tíì kan òrùlé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ẹni tó ń gbé omi ti mọ̀, ẹni tó ń tẹ irin ti mọ̀, onílé fúnra rẹ̀ dé láti wo iṣẹ́, ó ní òun gbọ́ pé ọ̀gá ń fi ìka ka Bíbélì.

Nígbà tó dé ilé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀, Alàgbà Ìwé ló bá nínú pálọ̀, òun àti àwọn alàgbà méjì. Wọ́n wá kí i káàbọ̀ sínú ìmọ́lẹ̀. Alàgbà gbé ìwé ńlá kan lé e lọ́wọ́, Bíbélì aláwòrán, tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó ní àwòrán máa ràn án lọ́wọ́. Bíríkìlà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó dúpẹ́. Ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Olùkọ́ kò jẹ́ kó yanu tó fi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn, tó bá jẹ̀bi, ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ sókè. Ó ní ṣé irọ́ ni òun pa? Ó ní ṣé ó di ẹ̀ṣẹ̀ kí ọkùnrin wá Ọlọ́run ni? Ó fi ẹnu gbé Alàgbà Ìwé, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó gbé táì rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ó ní tí òun kò bá sọ̀rọ̀, ta ni ì bá gba àwọn tálákà kíláàsì òun sílẹ̀? Ọkọ rẹ̀ dúró títí ó fi sọ ọ́ tán.

"Ìwé ni mo ní kí o bá mi wá, Ìyá wọn. Èmi ni o sọ di òkò tí o fi lu Alàgbà."

Ìyá Olùkọ́ ní àwọn èèyàn kíláàsì òun ńkọ́.

"Wọ́n ti rí ìwé gbà. Ó dáa fún wọn." Ó gbé Bíbélì aláwòrán sórí tábìlì, ó lọ mú èyí tó ń kà, ó gbé e lé e, ó gbé ìwé pẹlẹbẹ lé gbogbo rẹ̀. Igi ṣáná ṣì yọrí jáde níbi tó dúró sí. "Ó ń dùn mọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń kánjú wálé."

Ó wọ yàrá lọ.

Páálí ìwé dé lóòótọ́. Agbálẹ̀ ilé ìfowópamọ́ padà sí kíláàsì, ó ń kàwé sókè, ó ń bínú sí Pétérù bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ni. Àga kò tó mọ́. Alàgbà Ìwé ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti ń ronú kan ìtumọ̀ náà tipẹ́, Ìyá Olùkọ́ kò sì lágbára láti bá a jà. Ìbínú rẹ̀ ń wá ẹni tó máa bà, ara rẹ̀ nìkan ló rí. Ó bínú sí ẹnu rẹ̀. Ó bínú sí àtẹ́wọ́ tó dùn mọ́ ọn létí. Ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ọkọ ní òun ti gbọ́, kó dìde. Kò sí ìjà nílé. Ó ń jẹun, ó ń dáhùn, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kò gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mọ́, àwọn ìwé mẹ́ta náà sì wà lórí tábìlì, ìyàwó rẹ̀ ń nu eruku yí wọn ká.

Oṣù ń gorí oṣù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, bí Ìyá Olùkọ́ ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ lọ sórí tábìlì. Bíbélì aláwòrán nìkan ló kù níbẹ̀. Èyí tó rọrùn ti lọ, ìwé pẹlẹbẹ náà ti lọ. Ọkọ rẹ̀ sì ti jáde, ó ní òun fẹ́ lọ wo bí kọnkéré tí àwọn dà ṣe gbẹ sí. Ìyá Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó na ọwọ́ sí àpò irinṣẹ́ kejì tí ọkọ rẹ̀ fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó wá dá ọwọ́ náà dúró, ó fà á padà, ó sì gbé gèlè rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ẹ̀rí jíjẹ́ dé, pásítọ̀ pè é fúnra rẹ̀. Ó ní bàbá olórùlé wa ńkọ́, kí Ìyá Olùkọ́ fún ìjọ ní ìròyìn. Gbogbo orí yí padà, gbogbo eyín funfun. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀, ìwé ti kúrò lórí tábìlì. Ó wù ú kó sọ ọ́ ju oúnjẹ lọ. Alàgbà Ìwé gbé ohùn sókè láti ìjókòó rẹ̀.

"Àbí àwòrán náà pàápàá le jù fún Bàbá ni?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù tó máa fi gbé ọkùnrin yìí ṣánlẹ̀ níwájú gbogbo ayé, tí kò ní í dìde mọ́. Ó mú gbohùngbohùn.

"Mi ò ní ẹ̀rí kankan lónìí," Ìyá Olùkọ́ ní, ó sì jókòó.

Ariwo kékeré kan lọ káàkiri, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọwọ́ bà á léjìká, ó ní kó má sọ̀rètí nù, Ọlọ́run á tún bá bàbá sọ̀rọ̀. Alàgbà Ìwé ń mi orí lọ, ó ń mi orí bọ̀ bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá Olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n máa káàánú òun, kò sì la ẹnu rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.